Òwúrọ̀ Kan Tí Akíndúró Tọrọ

Ní ìlú Ìdó-Òkúta, níbi tí òkè ti pọ̀ ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ọkùnrin méjì kan wà tí wọ́n jọ dàgbà, tí ìyá wọn sì jọ ń pọnmi nínú odò kan náà. Ọ̀kan ń jẹ́ Ògídán, èkejì ń jẹ́ Akíndúró. Bí ẹ bá bi mí pé ta ló gbọ́n jù nínú wọn, ẹ jẹ́ kí ìtàn fúnra rẹ̀ dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ bi mí pé ta ló jowú jù, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ògídán ni. Owú tó wà nínú ọkùnrin yẹn, bí a bá gbìn ín sóko, yóò fà dé oko ẹlòmíràn.

Ògídán kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ o. Ilé rẹ̀ ni ilé àwọn agbẹ́gilére ìlú náà, ilé rẹ̀ náà ló sì ń tọ́jú àwọn òkúta tó wà lórí òkè. Àwọn òkúta wọ̀nyí ga ju ènìyàn lọ. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárín koríko, àwọn kan nà róró, àwọn kan ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ilé Ògídán ní ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa wọn. Wọ́n ní ọmọ ogun ni wọ́n, pé wọ́n wá kó ìlú, tí baba ńlá Ògídán sì fi ẹnu lásán sọ wọ́n di òkúta. Nítorí ìtàn yìí, bí àlejò bá wọ̀lú, Ògídán ni yóò mú un gòkè. Bí ọba bá pa ẹran ọdún, itan ọ̀tún ti Ògídán ni. Ta ni yóò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tí yóò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tú u wò?

Akíndúró ní tirẹ̀ kò lóyè, kò sì ti ilé olóyè wá. Àgbẹ̀ ni, ó sì ń hun ẹní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ sí àwọn òkúta yẹn, òun ló rán ara rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó ń hun ẹní gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹní á wọ́, ọnà ara rẹ̀ kò sì ní í bára mu. Ojú tí Akíndúró fi ń wo ọnà ẹní ló fi wo òkúta. Ó rí i pé àyè tó wà láàárín èyí àti èyí jọra jù fún ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bá fi ìko lọ́ okùn gígùn kan, ó ta á ní kókó-kókó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òkúta láti orí dé ìdí, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Àárọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn, òun wà lórí òkè, ó ń ka ogún-ogún sínú afẹ́fẹ́.

Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ nígbà tó ní òun kì í ṣe ìyàwó kan ṣoṣo nílé ọkọ òun, pé òkúta ni orogún òun, wọ́n sì pọ̀.

"Akíndúró," ló wí lọ́jọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ ti òkè dé tí ìrì sì ti rẹ ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, "ṣé àwọn òkúta yẹn máa ń se oúnjẹ fún ọ ni?"

"Wọn kì í se oúnjẹ."

"Ṣé wọ́n ń bá ọ wẹ̀yìn?"

"Wọn kì í bá mi wẹ̀yìn. Àmọ́ Ìbídùn, wọn kì í pariwo mọ́ mi náà."

Ìbídùn pòṣé, ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa á. "Ó dára. Mú mi lọ rí àwọn ìyálé mi."

Ìgbà ọyẹ́ ni. Wọ́n gòkè kí ilẹ̀ tó mọ́, otútù ń mú Ìbídùn débi pé eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Akíndúró mú un dúró lẹ́yìn òkúta kúkurú kan tó wà ní ìparí ọ̀wọ́, ó ní kó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, níbi tí òkúta méjì tó ga jù wà. Kò pẹ́, oòrùn yọ. Ó pọ́n bí epo, ọyẹ́ sì ti bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn. Gẹ́lẹ́ láàárín òkúta méjì yẹn ló ti yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì gba àárín ọ̀wọ́ náà wá tààrà, ó bà lé òkúta kúkurú tó wà níwájú Ìbídùn. Ìbídùn gbàgbé otútù.

"Oòrùn a máa rìn," ni Akíndúró wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Lójoojúmọ́ ó ń sún díẹ̀díẹ̀ sí apá ọ̀tún, títí yóò fi dé àárín òkúta méjì yìí. Tó bá débẹ̀, kò ní í kọjá ibẹ̀. Á dúró, á sì padà. Àwọn tó ri òkúta wọ̀nyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun, Ìbídùn. Ènìyàn tó mọ ìṣirò ló rì wọ́n. Wọ́n ka oòrùn bí èmi ṣe ń ka ìko."

Láti ọjọ́ náà ni Ìbídùn kò ti jowú òkúta mọ́. Nítorí ọkọ rẹ̀ ló wá ń jowú wàyí. Ó ń wo àwọn tó ń jókòó sórí ìjókòó láàfin, tí wọn kò mọ ju ká jẹ ká mu lọ, ó ń wo Akíndúró tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ a sì máa ta á.

Akíndúró lọ bá Onídòó, ọba ìlú náà, lọ́dún yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí," ló wí, "òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni mo tọrọ. Ẹ bá mi gòkè nígbà ọyẹ́, ẹ̀yin àti ìlú. Àwọn òkúta wa ní ọgbọ́n nínú ju bí a ti rò lọ. Tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ ò rí ohun tí mo wí, ẹ lé mi nílùú."

Kí ọba tó la ẹnu, Ògídán ti la tirẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ gbọ́ ohun tójú ń rí! Ọkùnrin tí kò lè ṣọ́ adìẹ rẹ̀ ló ní òun ń ṣọ́ oòrùn!"

Ẹ̀rín sọ láàfin. Ọba náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Akíndúró padà sídìí ẹní rẹ̀, pé ẹní òun ń fẹ́ títúnṣe. Lọ́dún kejì, Akíndúró tún wá, Ògídán tún bú u, wọ́n tún rín in. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀, àwọn ọmọdé á ti máa wí pé, "Akíndúró yóò wá tọrọ òwúrọ̀ rẹ̀ o!" Onílàákàyè tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà a sì máa yà fún un, kí wọ́n má baà ní ó ń bá wèrè rìn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ohun kan wà tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò mọ̀. Ògídán ti yọ́ gòkè lọ wò ó. Òun nìkan ló dá lọ ní ìdájí ọjọ́ kan, ó dúró síbi tó rí ipa ẹsẹ̀ Akíndúró, ó sì rí oòrùn láàárín òkúta méjì. Ó rí i kedere. Ẹlòmíràn ì bá sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ògídán jókòó sórí koríko tútù, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe ti ayọ̀. Owú ni. Àwọn tiwa ló ń tọ́jú òkúta yìí láti ayébáyé, ló ń wí nínú ara rẹ̀. Àwa là ń gé koríko wọn, àwa là ń lé ewúrẹ́ kúrò lára wọn. Kí ló ṣe tí wọn kò sọ ọ́ fún wa? Kí ló ṣe tó jẹ́ ahunní ni wọ́n rí bá sọ̀rọ̀? Ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún yẹn, èébú tó bu Akíndúró láàfin le ju ti ìgbàkígbà rí lọ.

Akíndúró kú lásìkò òjò. Ikọ́ ló ṣe é, kò sì pẹ́ lórí ẹní. Ọjọ́ tí yóò kú, Ìbídùn gbé orí rẹ̀ sórí itan, ó ń fi aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ogún, kò sọ̀rọ̀ oko. Ó wò sókè, ó ní, "Wọn ò wá." Ìyẹn ló sọ gbẹ̀yìn. Àwọn àna rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin ín, òjò sì lé àwọn díẹ̀ tó wá síbẹ̀ padà sílé. Láàfin, kò sẹ́ni tó yọjú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ àṣà ìlú yìí báyìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Ìdó-Òkúta, ìsìnkú ọ̀tọ̀, ère ọ̀tọ̀. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, àwọn ẹbí yóò gbẹ́ ère òkú wọn, kí ó ga bó ṣe ga, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, kí wọ́n gbé ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ sí i lọ́wọ́, kí wọ́n sì gbé e jókòó síwájú ilé. Títí wọn ó fi gbé ère náà wọlé padà, onítọ̀hún kò kú. Bí alààyè ni wọ́n ń kí i. Ọba pàápàá gbọ́dọ̀ wá kí i ní ìdúró. Ère náà lè tọrọ ohun kan láti ẹnu ẹni tó sún mọ́ ọn jù, a kì í sì í kọ̀ ọ́ fún un. Tí ó bá ní òun fẹ́ rìn jáde, agbẹ́gilére tó gbẹ́ ẹ ni yóò gbé e. Àwọn baba Ògídán ló dá àṣà yìí sílẹ̀, Ògídán sì ń fi yangàn níbikíbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Ìbídùn lọ sílé Ògídán. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ère ọkọ mi ni mo bá wá."

Ògídán kò gbé ojú sókè kúrò lára igi tó ń gbẹ́. "Ìyàwó, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ère kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ìwọ náà mọ ẹni tí ọkọ rẹ jẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ìbídùn wí. "Ẹ má bínú. Àwọn agbẹ́gilére Ìsàgbà, ìlú tó múlé tì wá, ní tí ọwọ́ yín bá dí, àwọn yóò wá gbẹ́ ẹ."

Àáké dúró lókè. "Àwọn ta? Ará Ìsàgbà ni yóò wá gbẹ́ ère nínú ìlú yìí, níṣojú èmi Ògídán? Wọ́n gbẹ́ kí ni rí? Àwọn tí ère wọn ń ṣojú bí ẹni tí inú ń run! Máa lọ sílé. Màá gbẹ́ ẹ."

Ìbídùn dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Èrò ọkàn Ògídán ni pé òun yóò gbẹ́ ohun tí yóò pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbé àáké lé igi apá náà ni ó ń rántí àwọn ará Ìsàgbà tí wọn yóò wá wò ó. Ó fẹ́ gbẹ́ imú tó tẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, imú tó gún ló gbẹ́. Ó fẹ́ gbẹ́ èjìká tó wọ́, owú àwọn ará Ìsàgbà kò jẹ́. Nígbà tó parí, ère náà ní ojú tó dákẹ́, iwájú orí tó gbòòrò, ìrísí ọmọ olóyè. Akíndúró kò fi ọjọ́ kan ní irú ẹwà bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀. Nígbà tó ku ohun tí yóò dì mú, Ògídán ní kí wọ́n gbé okùn ìko yẹn sí i lọ́wọ́, ó rò pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ère jókòó síwájú ilé, ìlú ya lọ síbẹ̀. Àwọn tí wọn kò tẹ ojúlé yẹn rí ń tẹ̀ ẹ́. "Yéè! Akíndúró mà sunwọ̀n o!" ni wọ́n ń wí. "Ẹ wo iwájú rẹ̀! Ẹ wo okùn ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀!" Ọkùnrin kan tó ti máa ń sín in jẹ láàfin ní, "Èmi àti ẹ̀ la jọ ń sọ̀rọ̀ jù nínú ìlú yìí." Obìnrin kan ní òun ti mọ̀ láti kékeré pé orí rẹ̀ kò ṣe kékeré. Ògídán dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yìn ín pé òun ló gbẹ́ igi.

Ọba dé. Ó dúró níwájú ère, ó tẹ orí ba. "Akíndúró, a kú ilé o. A kú ọjọ́ mẹ́ta."

Èyí dun Ògídán. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń sin ọba yìí, ọba kò tẹrí ba fún un rí. Igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé lóko ni ọba ń tẹrí ba fún yìí!

Ìbídùn dúró lẹ́yìn ère, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Kábíyèsí, ère ní òun fẹ́ tọrọ ohun kan. Ó ní kí ẹ̀yin àti ìlú bá òun gòkè lọ́la, kí oòrùn tó yọ."

"Rárá o!" Ògídán ti bọ́ síwájú. "Ère kì í tọrọ irú èyí! Kó tọrọ ijó, kó tọrọ kí á parí ìjà ẹbí. Ọ̀rọ̀ òkè kò sí ńbẹ̀!"

Ọba wò ó. "Ògídán, ta ló kọ́ wa pé a kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ère lẹ́nu?"

Ògídán ní, "Ilé wa ni, Kábíyèsí."

"Ó parí nìyẹn. Wá múra, ìwọ ni yóò gbé e."

Báyìí ni Ògídán ṣe gbé Akíndúró pọ̀n gun òkè. Igi apá kì í ṣe ohun fúyẹ́. Òógùn ń bọ́ lára rẹ̀ nínú otútù ọyẹ́, gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé e, ọba wà láàárín wọn, àwọn ìyá àgbà ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Ohun tí alààyè fi gbogbo ayé rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún, igi tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì rí i gbà. Wọ́n gbé ère kalẹ̀ sẹ́yìn òkúta kúkurú, Ìbídùn sì ní kí wọ́n máa wo iwájú.

Oòrùn yọ. Àárín òkúta méjì gẹ́lẹ́ ló ti yọ, ìmọ́lẹ̀ sì gba ọ̀wọ́ náà wá, ó gun òkúta kúkurú, ó dé ojú ère. Igbe ta, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń dọ̀bálẹ̀. Ọba bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó fi sí ère lọ́rùn. "Akíndúró," ló wí, "láti òní lọ, ìwọ ni olórí gbogbo ọlọ́gbọ́n ìlú yìí. Nínú gbogbo wa, ìwọ nìkan ni ojú rẹ rí èyí."

Ìyẹn ni Ògídán kò lè fara dà. Owú ti dé ọ̀fun, kò sí bó ṣe fẹ́ gbé e mì mọ́. "Kì í ṣe òun nìkan!" ló pariwo. "Èmi náà rí i! Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i! Mo dá wá síbí ní ìdájí, mo sì rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Kí ló dé tí wọn kò fi ìlẹ̀kẹ̀ sí èmi lọ́rùn?"

Gbogbo orí ló yí sí i. Ọba ní, "O ti rí i? Nígbà wo? Ṣé kí o tó máa bú u ni, àbí nígbà tí o ń bú u lọ́wọ́?"

Ojú ti Ògídán, ó sì tì í níṣojú gbogbo ayé.

Ìbídùn kò wò ó. Ó lọ bá ère, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fi í lé ọba lọ́wọ́.

"Kábíyèsí, ẹ ṣeun, ẹ má bínú. Ọkọ mi ní ọrùn nígbà kan, ẹ kò rí i. Imú rẹ̀ tẹ́, aṣọ rẹ̀ gbó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ ní kó máa jókòó sí. Òwúrọ̀ kan ló tọrọ. Èmi tí mo ti jowú òkúta rí, igi ni mo tún ń jowú lónìí, torí gbogbo ohun tó tọ́ sí ọkọ mi, igi ni ẹ fún. Kò sí ìkankan nínú yín tó ní ó sunwọ̀n nígbà tó lè gbọ́."

Ó dìde, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ní òun nìkan. Ọba dúró pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Gbogbo ìlú dúró yí igi tó lẹ́wà náà ká, wọ́n ń wo ẹ̀yìn obìnrin náà títí ó fi wọ inú igbó ìsàlẹ̀, àgbàlagbà kan nínú wọn ló sì kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo Yorùbá wá ń pa lówe títí di òní: Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè.